Ìkìlọ̀: ọlọ́jà pààtì kọ̀ǹpútà kan ń jẹ owó àwọn tó fẹ́ to ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọn n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Ìbàdàn tí ẹ ń wá pààtì láti fi to kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ fúnra yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò tò ó rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp àti Facebook tó ń polówó "pààtì tòkunbọ̀, ojúlówó, a ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀". Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ní Queen Cinema lòun wà lónìí, á ní Ìwó Road lòun wà lọ́la. Ẹ̀bá títì ló ti ń pàdé oníbàárà. Á gbé ọjà lé wọn lọ́wọ́ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, á dúró kí álẹ́ẹ̀tì wọlé, á wọ mọ́tò, ó lọ.

Ẹ lè máa rò pé lẹ́yìn ìyẹn, fóònù rẹ̀ á kú, ẹ ò ní rí i mọ́. Rárá o. Olè tó gbowó tó sì sá, kíá lèèyàn ń mọ̀ ọ́n lólè. Eléyìí kì í sá. Á gbé ìpè yín. Á pè yín ní "bọ̀ọ̀sì mi", á bá yín kẹ́dùn, á ní kí ẹ gbé e wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ọjà tó ń tà kì í ṣe ọjà tó ti kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó ń mọ̀ọ́mọ̀ kó èyí tí kò lè bá ara wọn ṣiṣẹ́ fún ẹni kan náà. Tí ẹ bá gbé e padà, á ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ inú ẹ̀rọ tó gbé dání, lójú yín báyìí, ẹ̀rọ á tàn, á ní: "Ṣé ẹ rí i? Ọjà tèmi ò níṣòro. Èkejì ẹ̀ ni ò bá a mu." Èkejì tó ń wí yẹn, òun náà ló tà á fún yín! Á wá ní kò burú, òun á bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Á gba ti ọwọ́ yín ní ìdajì iye tí ẹ rà á, ẹ ó sì fowó kún un. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo pààtì yòókù ń wọ̀ sí) tán, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) á ní tòun kù. Ẹ pààrọ̀ RAM tán, ó di power pack, àpótí tó ń fún ẹ̀rọ níná.

Wọ́n ń ki Ìbàdàn ní ibi tí olè gbé ń jàre olóhun. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti rí ọkùnrin yìí kí wọ́n tó kì í.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù àwọn tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ń já sí. Bí ẹrù náà ṣe jọra ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe. Ọlọ́jà tí kò mọ ọjà rẹ̀ lè ṣì í tà lónìí, kó tún ṣì í tà lọ́la. Àmọ́ kò ní jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ nìkan ni yóò máa ṣì í tà fún, kí ẹni tó mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọlọ́jà má sì gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọ Poly kan tó ń gbé Sáńgó ṣe àpẹẹrẹ. Fídíò òde ìgbéyàwó ló máa ń yà, ó sì fẹ́ ẹ̀rọ tó lè fi gé e láìjẹ́ pé ó ń dì pa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí kó bọ́ọ̀dù H110 fún un, púrósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) Intel Core i5-8400, RAM 16GB méjì, àti power pack tí wọ́n kọ 500W sí lára. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti kàwé díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó béèrè sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí púrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù. Ọkùnrin náà ya àwòrán ara bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí i: LGA1151. Ó ní kó lọ wo ti púrósẹ́sọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: LGA1151. "Àbúrò, ṣé o rí i báyìí? Kan náà ni."

Òótọ́ ni, kan náà ni. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni èyí tí kò sọ. Intel gbé ìran kẹfà púrósẹ́sọ̀ Core rẹ̀ jáde ní 2015, ìkeje sì tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì ń jókòó sórí bọ́ọ̀dù tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí 1 tàbí 2, bíi H110, B150, B250 àti Z270. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní 2017, Intel fi orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyí i padà, ó fi àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sí 1,151 bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn padà kí wọ́n lè máa gbé iná tó pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án kì í ṣiṣẹ́ àfi lórí bọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ láti orí 3: H310, B360, B365, Z370, Z390. Kọ́kọ́rọ́ lè wọ ihò àgádágodo wọ́ọ́rọ́ kó má sì ṣí i. Ẹ ó gbé i5-8400 lé H110, á jókòó pẹ́sẹ́, ẹ ó dè é, fáànù á máa yí, iná pupa á tàn lára bọ́ọ̀dù, mọ́nítọ̀ á sì dúdú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan wà tó máa ń tún BIOS (ètò ara bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) kọ tí wọ́n sì ń fi nǹkan bo abẹ́rẹ́ kí irú ẹ̀ lè tàn. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò tò ó rí.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìran púrósẹ́sọ̀ Intel Core kò le. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì dáàṣì. i5-6500, ìran kẹfà ni. i5-8400, ìkẹjọ. Tó bá di i5-10400 tàbí i3-12100, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ lẹ ó kà: ìkẹwàá, ìkejìlá. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ojú òpó ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù yẹn gan-an, ASUS ni o, Gigabyte ni o, MSI tàbí ASRock, ẹ tẹ orúkọ bọ́ọ̀dù náà látòkèdélẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n to púrósẹ́sọ̀ tó ń gbà sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ má gba àlàyé.

Ti AMD, ilé iṣẹ́ kejì tó ń ṣe púrósẹ́sọ̀, yàtọ̀ díẹ̀, ọkùnrin yìí sì tún ń fi ìyẹn náà jẹun. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà bọ́ọ̀dù B450 tó jáde ní 2018 lè gba púrósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, àfi pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi BIOS tuntun sí i. Bí BIOS tó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́, kò ní tàn. Ẹni tó mọ̀ á bá yín fi BIOS tuntun sí i kí ẹ tó gbé e lọ. Eléyìí á ní bọ́ọ̀dù yín "ò gbé e", á ní kí ẹ mú owó wá kóun fún yín ní B550.

Ní ti RAM ọmọ Sáńgó yẹn, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Wọ́n máa ń tú RAM jáde láti inú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò lókè òkun, a máa pọ̀ lọ́jà, a sì máa pọ́ọ́kú. Ọkùnrin yìí ń ta 16GB rẹ̀ ní iye tí àwọn yòókù ń ta 8GB. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR4 ni lóòótọ́, abẹ́rẹ́ 288 ló ní bíi ti kọ̀ǹpútà ilé, ibi tí wọ́n gé sínú nísàlẹ̀ rẹ̀ wà níbi kan náà, nítorí náà á wọlé, á dún kẹ́ẹ́. Kò sì ní ṣiṣẹ́ láé lórí bọ́ọ̀dù ilé, nítorí pé Registered ni, irú tí wọ́n ṣe fún sáfà. Kì í ba bọ́ọ̀dù jẹ́, kò kàn ní tàn ni.

Ẹ yí RAM sẹ́yìn kí ẹ ka bébà funfun ara rẹ̀. Tọmọ yẹn kà báyìí: 16GB 2Rx4 PC4-2400T-RA1. Lẹ́tà tó tẹ̀lé dáàṣì tó wà lẹ́yìn 2400T yẹn ni kí ojú yín lọ. R ni, ti sáfà nìyẹn. U lẹ̀ ń wá, bíi PC4-2400T-UA2, ìyẹn ni ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. S jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù, ẹ̀yin náà á ti rí i pé ó kúrú. Bí wọ́n bá ti ya bébà náà kúrò tàbí tí wọ́n fi òmíràn lẹ̀ ẹ́, ẹ wo àárín gbùngbùn RAM náà: bí ẹ bá rí ṣípù dúdú ńlá kan tó yàtọ̀ sí àwọn tó tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ó dá wà níbẹ̀ láàárín wọn, ẹ dá a padà fún un. Ó tún ní irú DDR3 kan tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù AMD nìkan, tí kì í ṣiṣẹ́ lórí Intel, ìyẹn náà wọ́pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Power pack ń kọ́? Ẹ̀ka Amẹ́ríkà ni àwọn kan nínú tòkunbọ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo nǹkan bíi 120V (115V ni wọ́n máa ń kọ sára power pack), àwa ń lo 230V. Àwọn kan nínú wọn ní ṣúwíìṣì pupa kékeré lẹ́yìn. Bí ó bá wà lórí 115 tí ẹ sì so ó mọ́ iná IBEDC, á bú gbàmù, òórùn rẹ̀ á gba ilé kan. Ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó fi ọwọ́ kan wáyà. Èyí tí kò ní ṣúwíìṣì rárá, tí wọ́n kọ 100–240V sí lára, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ tún má gba 500W tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i gbọ́, ẹ wo tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ +12V sí. Ti ọmọ yẹn jẹ́ 18A. Méjìlá lọ́nà méjìdínlógún, 216W nìyẹn. Ibẹ̀ ni púrósẹ́sọ̀ àti káàdì (èyí tó ń gbé àwòrán jáde sí mọ́nítọ̀) ti ń jẹun. Káàdì RX 580 nìkan lè jẹ 185W. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí bí iṣẹ́ bá dé.

Káàdì lọ̀rọ̀ mìíràn, èyí sì ti kúrò ní àìbáramu, jìbìtì gidi ni. GTX 1050 Ti tó ń tà pọ́ọ́kú yẹn, àwọn kan nínú wọn kì í ṣe 1050 Ti rárá. Káàdì ayé àtijọ́ ni, irú GTS 450 tàbí GTX 550 Ti tó jáde ní 2010 àti 2011, tí wọ́n tún BIOS rẹ̀ kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn. Windows fúnra rẹ̀ á gbà á gbọ́, á kọ 1050 Ti síbẹ̀ fún yín. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lo káàdì) ti NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ni 1050 Ti, sí i ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: NVIDIA ò fi agbára VGA (ọ̀nà àtijọ́ tí àwòrán ń gbà dé mọ́nítọ̀) sínú ìdílé GTX 10 mọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ohun tí wọ́n pè ní 1050 Ti, kí ara ti fu yín. Ẹ ní kó fi GPU-Z wò ó lójú yín. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Láti 2018 ló ti ń dá irú káàdì bẹ́ẹ̀ mọ̀, á kọ FAKE sí iwájú orúkọ rẹ̀ gbàǹgbà. Ojúlówó 1050 Ti ní shader (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán) 768. Àwọn àtijọ́ wọ̀nyẹn ò ju 192 lọ. Ẹ̀yin tó ń wá RX 580, ẹ yẹ iye tirẹ̀ wò níbẹ̀ náà: 2304 ni ó yẹ kó jẹ́. Èyí tó bá jẹ́ 2048, ẹ̀yà tó rẹlẹ̀ ni, kí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ náà.

Ẹ má gbàgbé lẹ́tà F. i5-9400F, i3-10100F, i5-12400F, kò sí ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú wọn. Láìsí káàdì, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú mọ́nítọ̀, ọkùnrin yìí á sì sọ fún yín pé bọ́ọ̀dù ló kú.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa abẹ́rẹ́. Lórí Intel, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀dù ni abẹ́rẹ́ wà, wọ́n tín-ín-rín gan-an, bí ẹ bá sì fi ìka kàn wọ́n wọ́n ti tẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í fi ìdérí dúdú bo sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń gbé e fún yín. Bí ẹ bá gbé e padà, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á ní: "Háà, ẹ ti tẹ abẹ́rẹ́ méjì." Kí lẹ fẹ́ fi jà? Kó tó fi ọjà lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ̀yin ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ara bọ́ọ̀dù, kí ohùn òun náà wọ inú fídíò ọ̀hún. Bí abẹ́rẹ́ bá tò dáadáa, wọ́n á máa dán bákan náà láti etí dé etí. Èyí tó bá tẹ̀, dídán tiẹ̀ á ya ibòmíràn.

Kì í ṣe pé mò ń ní kí ẹ má ra tòkunbọ̀. Kí lèmi náà ń lò? Àwọn ọlọ́jà tó mọ́ wà ní Queen Cinema dáadáa, wọ́n ní tábìlì, wọ́n ní mọ́nítọ̀, wọ́n sì ní orúkọ tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra gbogbo pààtì lọ́wọ́ ẹni kan, ẹ ní kó to bọ́ọ̀dù, púrósẹ́sọ̀, RAM àti power pack *yín* pọ̀ lójú yín, kó tan án, kó wọ inú BIOS, kí ẹ rí orúkọ púrósẹ́sọ̀ àti iye RAM níbẹ̀ kí owó tó kúrò lápò. Tí iná ò bá sí, ẹ dúró kó tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kí ẹ padà wá. Ẹni tó bá ní kò sí àyè, ẹ dá ẹrù rẹ̀ padà. Ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp pé: "Ṣé àwọn pààtì yìí á bá ara wọn ṣiṣẹ́?" kí ẹ to orúkọ wọn pátápátá sísàlẹ̀, kó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò ṣe padà, ọ̀rọ̀ "owó tó bá wọlé kì í jáde" tí wọ́n máa ń kọ sára rìsíìtì kò sì gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Ìdáhùn orí WhatsApp yẹn ni ẹ̀rí yín. Láìsí i, ẹnu lásán lẹ ó fi máa rò ó.

Ẹ̀yin tí ẹrù ti wà nílé yín tí kò tàn, ẹ má tíì gbé e padà fún un, ẹ má sì fowó kún nǹkan kan. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde kúrò nínú kéèsì, ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé orí páálí rẹ̀. Nígbà mìíràn, irin kéèsì tó kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni gbogbo wàhálà. Ẹ fi púrósẹ́sọ̀, fáànù rẹ̀ àti RAM kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ yọ ìyókù, àfi káàdì bí púrósẹ́sọ̀ yín ò bá lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wáyà iná méjì ló wọ bọ́ọ̀dù: ńlá oní-24 yẹn, àti oní-4 tàbí oní-8 tó wà lẹ́bàá púrósẹ́sọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìkejì. Ti káàdì jọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ yọ bátìrì CR2032 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tún tan án. Ẹ máa gbé RAM láti ihò kan sí òmíràn. Wáyà mọ́nítọ̀, ara káàdì ni kó wà bí káàdì bá wà níbẹ̀. Bí kò bá tàn lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù, ti púrósẹ́sọ̀ àti ohun tó wà lára bébà RAM sílẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé, ẹ fi wọ́n wéra. Nígbà náà lẹ ó mọ̀ bóyá pààtì ló kú ni, tàbí wọ́n kàn tà yín ní ohun tí kò lè bára mu láéláé. Bó bá jẹ́ èkejì, gbogbo owó yín ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe pàṣípààrọ̀.

Ó ti yí orúkọ tó ń lò padà. Àwòrán tó fi ń polówó ò tíì yí: bọ́ọ̀dù kan lórí táìlì aláwọ̀ ewé, káàdì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ní kó ya òmíràn kó fi bébà tí wọ́n kọ déètì òní sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní fóònù òun ń kú lọ.

Ọmọ Sáńgó ti rí bọ́ọ̀dù H310 rà ní ṣọ́ọ̀bù gidi, i5-8400 rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ báyìí, ó ti ń gé fídíò. RAM sáfà méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀dù sáfà tó ń gba DDR4 Registered, kó gbé e wá sí Mọ́kọ́lá, a ó ki wọ́n bọ̀ ọ́ lójú rẹ̀, bí wọ́n bá tàn ni yóò sanwó.